Kabúrẹ́tọ̀ Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Mọ́tò Sáré: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Ẹ́ńjìnnì Yín Mu

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ máa ń bi mí jù ní Ọ̀wọ̀ níbí ni pé: "Bọ̀dá, kabúrẹ́tọ̀ wo ló tóbi jù tí mo lè gbé lé 504 mi?" Ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: afẹ́fẹ́ mélòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ lè mí sínú? Wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni pé àlọ́ ni mo ń pa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá dáhùn ìyẹn kó tó lọ ra kabúrẹ́tọ̀, owó ló fẹ́ fi ṣòfò, mọ́tò rẹ̀ sì lè wá lọ́ra ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Peugeot 504 ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí òun ni mọ́tò tí a mọ̀ jù lágbègbè wa tó ṣì ń lo kabúrẹ́tọ̀. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kaduna. Kí Sienna àti bọ́ọ̀sì kéékèèké tó gba gáréèjì, 504 tó ní ìjókòó mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́yìn ló ń kó èrò láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin àti Èkó. Lọ́dún 1975 yẹn kan náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní ilẹ̀ Kenya, lójú ọ̀nà tí ẹrẹ̀ àti kòtò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ṣì ń tún un kùn, tí wọ́n ń pààrọ̀ sáílẹ́ńsà rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kó máa já bí ìbọn tí wọ́n bá tẹ iná. Àwọn mìíràn wà tí mọ́tò tiwọn ń lo injection láti ilé iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ tí mẹkáníìkì yọ ọ́, tó fi kabúrẹ́tọ̀ rọ́pò rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dojú rú. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn náà.

Ó sì yẹ kó kàn wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kì í ra epo bí ẹni ra omi mọ́. Kabúrẹ́tọ̀ tí kò bá ẹ́ńjìnnì mu á máa da epo nù. Tó bá sì jẹ́ pé ńṣe ló ń fi epo du ẹ́ńjìnnì, ó lè dá písítìnì lu. Èyí tó burú jù ni kó máa jo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Iná nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kabúrẹ́tọ̀ ń ṣe. Ṣé ẹ rántí pọ́ǹpù fílíìtì tí àwọn ìyá wa fi ń pa ẹ̀fọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì síwá sẹ́yìn? Oògùn wà nínú agolo nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gba orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá, oògùn náà sì gòkè fúnra rẹ̀, ó fọ́n ká bí ìrì. Kò sẹ́ni tó gbé oògùn yẹn sókè. Eré tí afẹ́fẹ́ ń sá lẹ́nu ọ̀pá náà ló dín agbára tó fi ń tẹ ibẹ̀ kù. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú agolo wá ní agbára jù ú, ló bá ti oògùn sókè. Daniel Bernoulli ti kọ̀wé lórí ìbáṣepọ̀ eré àti agbára yìí lọ́dún 1738, ará Italy kan tó ń jẹ́ Giovanni Battista Venturi sì ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí omi bá ń gba inú ọ̀pá tó fún láàárín kọjá. Nígbà tó di 1893, Wilhelm Maybach ní Jámánì ti ń lo ọgbọ́n kan náà láti fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Kabúrẹ́tọ̀ ní ọ̀fun. Ẹ̀ka tó fún jù lọ nínú ọ̀fun yẹn ni wọ́n ń pè ní fẹ́ńtúrì, láti ara orúkọ Venturi. Bí písítìnì bá ń lọ sílẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ á sáré nígbà tó bá dé ibi tó fún, á sì fa epo jáde láti inú ilé epo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Epo yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ihò wínníwínní kan tí a ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ẹ̀tì ló ń wọn epo, ọ̀fun ló ń fà á. Ẹ fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí mo ti rí ẹni tó ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fun ló tóbi jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹ má sá o, kò le.

Ẹ́ńjìnnì 504 tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ 1971 cc, ìyẹn lítà 1.97. Ìgbà méjì ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí kí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó mí sínú lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ẹ tẹ iná tó fi ń yí ní ìgbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan, á jẹ́ pé ó mí ní ìgbà 2,750. Ẹ fi 1.971 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bíi lítà 5,420. Àmọ́ kò sí ẹ́ńjìnnì lásán tó ń kún délẹ̀délẹ̀ ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ìdá 80 nínú 100, ó kù bíi lítà 4,340 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe kabúrẹ́tọ̀ ń fi CFM wọn afẹ́fẹ́, CFM kan sì jẹ́ lítà 28.3. Tí a bá pín in, ohun tí 504 yín nílò nígbà tó bá ń sáré tagbáratagbára ò ju nǹkan bíi 153 CFM lọ.

Wàyí o, kabúrẹ́tọ̀ Holley oní ọ̀fun mẹ́rin tí ẹ ń rí lórí YouTube, tí wọ́n gbé sórí mọ́tò Amẹ́ríkà tó ń bú bíi kìnnìún, 600 CFM ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí 504 lè mu nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe é fún ní sílíńdà mẹ́jọ, ó sì lè tó lítà 5.7. Kí ẹ gbé e sórí 504 dà bí ìgbà tí ẹ fi bàtà bàbá wọ ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ẹ wá ní kó sáré.

Kí ló wá dé tí ọ̀fun ńlá ń ba nǹkan jẹ́? Ṣebí ẹ́ńjìnnì kàn máa mu ìwọ̀nba tó fẹ́ ni? Òótọ́ ni, ìwọ̀nba tó fẹ́ náà ló máa mu. Ṣùgbọ́n ẹ rántí fílíìtì: eré afẹ́fẹ́ ló ń fa epo. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 2,000, bí ìgbà tí ẹ ń jáde ní ìyànà tí ẹ wá fẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀. Bí ọ̀fun bá fẹ̀ tó mìlímítà 26, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bíi mítà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára fífà tó wà níbẹ̀ tó láti gbé epo sókè tó sẹ̀ǹtímítà 20 nínú ọ̀pá. Ẹ sọ ọ̀fun náà di mìlímítà 52. Ẹnu rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, eré afẹ́fẹ́ já sí ìdá kan nínú mẹ́rin, agbára fífà sì já sí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Epo tó lè gbé sókè báyìí ò ju sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lọ. Epo ọ̀hún ò ní lè fọ́n dáadáa, á kàn máa kán tó-tó-tó bí omi òrùlé ni. Mọ́tò á gbọ̀n, á kọ́ họ́ọ́, á fẹ́ kú, kó tó wá rántí pé ẹnì kan tẹ iná. Tí ẹ bá wà láàárín tírélà méjì lọ́nà Ìfọ́n, ibi tó yẹ kó ti rántí ti kọjá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí kabúrẹ́tọ̀ oní ọ̀fun méjì tó ń ṣí níkọ̀ọ̀kan tẹ́ mi lọ́rùn jù fún mọ́tò tó ń rin ìgboro. Ọ̀fun kìíní ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń rọra lọ, ó fún, ó sì ń fa epo dáadáa. Bí ẹ bá tẹ iná jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìkejì máa tó ṣí. Weber 32/36 jẹ́ àpẹẹrẹ kan, ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 26 àti 27. Solex tàbí Zenith tó bá 504 wá láti ilé iṣẹ́ náà ò burú rárá tí kò bá tíì jẹ. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kámú, tí kò tíì fẹ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, má ra ohun tó tóbi ju Weber yẹn lọ. Kó fi owó tó kù ra táyà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi agbára fífà tó pọ̀ wọn kabúrẹ́tọ̀ oní ọ̀fun méjì, wọ́n sì ń fi èyí tó kéré wọn oní mẹ́rin. Nítorí náà, oní méjì tí wọ́n kọ 350 CFM sí lára ò ju nǹkan bíi 250 lọ tí a bá fi òṣùwọ̀n oní mẹ́rin wọ̀n ọ́n. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé òun ti ra ràkúnmí, ewúrẹ́ ló mú wálé.

Ká ní ẹ ti ra èyí tó yẹ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan sùkúrù kankan lára rẹ̀, ẹ wo àwọn nǹkan mìíràn ná: púlọ́ọ̀gì, táímìn, àlàfo fáàfù, àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ kabúrẹ́tọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé lábẹ́ ibẹ̀, kò sí jẹ́ẹ̀tì tó lè tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní kabúrẹ́tọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi páálí bisikíìtì gé ló ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ǹpù. Ẹ̀yin tí mẹkáníìkì yọ injection yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Pọ́ǹpù injection ń ti epo pẹ̀lú agbára tó lè tó 40 psi, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 3 psi péré ni irú kabúrẹ́tọ̀ Weber yìí fẹ́. Fílótì ló ń ti ojú ọ̀nà epo nígbà tí ilé epo bá kún, bíi fílótì inú táńkì ṣáláńgá oníomi. Kò lè dá 40 psi dúró láéláé. Epo á kún, á dà sórí ẹ́ńjìnnì, á sì tún dà sínú sílíńdà, á fọ òróró kúrò lára ògiri rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn epo nínú mọ́tò lẹ́yìn tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Pọ́ǹpù kabúrẹ́tọ̀ ni kí wọ́n fi síbẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀pá rọ́bà tó ti gbó. Ẹ bá mi ra ohun ìpaná sínú mọ́tò náà.

Ó wá kan sílóò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, níta gbangba, kì í ṣe nínú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí kábọ̀nù mónọ́ọ̀sáìdì tó ń jáde lẹ́yìn mọ́tò kò ní òórùn, ó sì ń pani. Sùkúrù méjì ló wà: ọ̀kan ń ṣí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ díẹ̀, ìkejì ń wọn epo sílóò. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sọ ọ́ di nǹkan bíi 850 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá máa yí ti epo díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi yára jù tí á sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ padà sí ti àkọ́kọ́, ẹ sọ ọ́ di 850. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fipá ti sùkúrù epo mọ́lẹ̀ débi tí á fi le koko. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ẹ ó ba ibi tó ń jókòó sí jẹ́.

Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ń sáré. Nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì Weber àti Solex ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó: 130 túmọ̀ sí mìlímítà 1.30. Ẹ lè rò pé láti 130 sí 135 ò tó nǹkan, àmọ́ epo tó ń kọjá fi nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 pọ̀ sí i. Tó bá di 140, ó ti di ìdá 16. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá rí ẹni tó ń fi wáyà tàbí abẹ́rẹ́ họ inú jẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń fi dírìlì lù ú "díẹ̀". Kò sí díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi afẹ́fẹ́ bọ́gánásà fẹ́ ẹ, kó tán.

Ìwọ̀n wo la ń wá? Kí gírámù epo kan tó lè jó tán pátápátá, ó fẹ́ gírámù afẹ́fẹ́ bíi 14.7. Bí ẹ bá ń rọra lọ, ẹ lè fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, bíi 15 tàbí 16, kí epo má baà tètè tán. Tí ẹ bá tẹ iná délẹ̀ tí ẹ ń fẹ́ agbára, ó máa ń dára ní nǹkan bíi 12.5 sí 13. Epo tó lé díẹ̀ yẹn ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bó bá kéré jù, inú sílíńdà á gbóná, epo á máa bú gbàmù fúnra rẹ̀ kó tó yẹ, ẹ ó máa gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bí ẹni ń mi kọ́bọ̀ nínú agolo. Ìyẹn ló yàtọ̀ sí ohun tí àwa ń pè ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", níbi tí gbogbo rẹ̀ ti há. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lè bá ara rẹ̀ nínú èkejì.

Ohun tó dára jù láti fi mọ ìwọ̀n yìí ni gééjì wideband tí wọ́n ń fi sínú sáílẹ́ńsà. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó rà á kí wọ́n máa gbé e láti mọ́tò dé mọ́tò. Tí kò bá sí, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìrìn gígùn, kì í ṣe lẹ́yìn tí mọ́tò ti dúró lórí sílóò fún wákàtí kan. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Èyí tó funfun bí ẹfun tó sì ní àmì ibi tó ti yọ́, ẹ tètè dúró, epo kéré jù. Àwọ̀ bíi ti kòkó díndín tó ṣí díẹ̀ ló dáa. Àwọn kan máa ń sáré gan-an lójú títì, wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́ lójijì kí wọ́n lè wo púlọ́ọ̀gì bó ṣe wà gan-an. Mi ò fọwọ́ sí i lọ́nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n tàbí ní òkè-òkè ọ̀nà Ìkàrẹ́: bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bírééki á di líle lẹ́yìn ìtẹ̀ bíi mélòó kan, sitíárìn sì lè há bí kọ́kọ́rọ́ bá yí kọjá.

Nǹkan kan péré ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí ẹ tún yí táímìn lọ́jọ́ kan náà, èwo lẹ máa sọ pé ó tún un ṣe? Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iná nìkan ni mọ́tò ń fà sẹ́yìn, tó wá ń sáré dáadáa lẹ́yìn náà, ẹ fi jẹ́ẹ̀tì ńlá sílẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré inú kabúrẹ́tọ̀, tó ń tu epo jáde nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan iná, ni kí ẹ yẹ̀ wò. Rọ́bà rẹ̀ máa ń ya.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì nígbà ọyẹ́. Ẹ wò ó: láàárín ìwọ̀n gbígbóná 35 lọ́sàn-án àti 20 ní òwúrọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ fi nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 nípọn sí i, àpòpọ̀ epo sì yí padà ní nǹkan bí ìlàjì ìyẹn. Kò tó jẹ́ẹ̀tì kan. Eruku ọyẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù. Fíltà tó ti dí ń jẹ́ kí epo pọ̀ jù, ẹni tó bá sì yọ fíltà dànù "kó lè mí dáadáa" ń fi iyanrìn lọ písítìnì rẹ̀. Àfi ẹni tó bá ń gbé mọ́tò rẹ̀ lọ gbé ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Agbára mọ́tò á dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá níbẹ̀, epo á sì pọ̀ jù, jẹ́ẹ̀tì tó kéré díẹ̀ á bá a mu.

Bí gbogbo nǹkan bá tọ́, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ kò sì lọ, ẹ fura sí epo fúnra rẹ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n bù sínú epo kò lè gba ìfúnpọ̀ inú sílíńdà. Ẹ kán díẹ̀ sórí ìwé funfun níbi tí kò sí iná, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Epo gidi á gbẹ tán láìpẹ́. Tó bá fi àmì ọ̀rá sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ yí ilé epo padà.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ kún táńkì délẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, ẹ lọ sí Ìfọ́n, ẹ gba ìhà Ìdóàní bí ẹ bá fẹ́ òkè díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ padà sí ilé epo kan náà àti pọ́ǹpù kan náà, ẹ kún un padà. Ẹ fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ tún ìrìn kan náà ṣe pẹ̀lú jẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e, ẹ sì kọ èsì méjèèjì ságbègbè ara wọn nínú ìwé kan tó ń gbé inú mọ́tò.